Isu Tuntun Tí Mo Jẹ Ṣáájú Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Atakpamé níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí àwọn àgbà tó máa ń jókòó lábẹ́ igi ẹnu ọ̀nà wa ní Moretan. Mo kí Kọ́mlá, àbúrò mi, ju gbogbo wọn lọ, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àfí, ìwọ àbúrò mi obìnrin tí o ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, jọ̀wọ́ má fo ìlà kankan. Ojúde ni kí o ti kà á, kí gbogbo ilé gbọ́.

Ara mi le. Òjò ń rọ̀ ní àràárọ̀, ìkùukùu sì máa ń bo orí òkè títí oòrùn á fi yọ. Bàbá, ṣé ẹ rántí àdúgbò tí mo ń gbé, tí ẹ wá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ní ewúrẹ́ yín kò ní gbà láti sùn níbẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ìsédò ní Nangbéto ni àwọn tó ń gbowó oṣù ti ń wá náwó síbẹ̀. Wọ́n da ọ̀dà sí títì, wọ́n kun ògiri, iná ń tàn lẹ́nu gbogbo bùtíìkì. Ọ̀kan nínú àwọn bùtíìkì aláṣọ ni mo ti ń tajà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí n kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, màá jáde lọ wo ọjà inú gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan sí iwájú wa, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì rẹ̀. Ní èṣí, kí ẹ tó ṣe ọdún isu, ọ̀gá wa obìnrin kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹun níbẹ̀ torí pé ọjà tà. Iyán ni wọ́n gbé wá. Ẹni tó gbé e wá ń yangàn pé isu tuntun ni, àná ni wọ́n wà á. Akúwà tá a jọ ń tajà, ọmọ Ifẹ̀ apá ibí bíi tiwa, ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní àwọn àgbà ilé òun kò tíì gé isu fún ilẹ̀, kò sì tíì yẹ kó kan òun lẹ́nu, kí wọ́n fún òun ní ìrẹsì. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá. Wọ́n bi mí bóyá ará oko bíi ti Akúwà lèmi náà. Mo ní mo ti kúrò nídìí ìyẹn. Fọ́ọ̀kì ni mo tilẹ̀ fi jẹ iyán náà, ẹ rò ó wò, kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú mi ti là. Kò sí ẹni tó fi ipá tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Ó dùn, mo sì ní kí wọ́n bù sí i.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo wálé fún ọdún. Ẹ bèèrè, bí ẹ ti máa ń bi gbogbo ẹni tó ti ìrìn àjò dé, bóyá isu tuntun ti kan ẹnu wa. Kọ́mlá tó ti Gánà dé ní òun jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ebi ló ń pa òun. Ẹ ní kó lọ jókòó lẹ́bàá ọgbà ewúrẹ́, kó má fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Gbogbo ilé bá a wí, ohùn tèmi ló sì ròkè jù. Mo ní kò nítìjú, mo ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tó kàn mí, mo ní rárá, isu kò kan ẹnu mi. Ẹ fi ègé àkọ́kọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ ní ìlú kò ba ọmọ yín jẹ́. Kọ́mlá ń wò mí láti ẹ̀bá ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí mi. N kò lè gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, awakọ̀ tó ń ná Moretan jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi. Ó ní ẹ ní ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, èmi ni n ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ yín lọ́dún yìí, torí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́ ló yẹ kó gé isu. Mo sáré lọ yan fìlà fún yín àti abọ́ tánganran fún Ìyá, bí ìṣe mi. Mo tún dá wọn padà sórí pẹpẹ. Ẹ̀bùn kò lè nu ẹnu tó ti jẹun. Ojú ń tì mí, Bàbá. Isu tí mo jẹ ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n àbúrò mi tí mo bú lójú gbogbo yín ló ń pa mí lẹ́kún.

Ẹ fún Kọ́mlá ní ọ̀bẹ. Òun ló sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ le. Mo ń bọ̀ fún ọdún, n kò ní fi ìlú ṣe ibi ìsápamọ́. Ẹ bá mi tọ́jú àpótí tí Kọ́mlá jókòó lé lẹ́bàá ọgbà ewúrẹ́ ní èṣí.

Kí ilẹ̀ má kọ isu yín, kí ọwọ́ yín balẹ̀, kí Ẹlẹ́dàá dá Ìyá sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Kọ́mlá, tó o bá gé isu náà fún gbogbo wọn tán, tó bá ṣẹ́kù, bù fún mi.

Èmi ni Kọ̀sí, ọmọ yín tó jẹun ṣáájú yín.