Lemuel Pruitt, Atukọ̀ Inú Kùrukùru Adágún Tamsin (1858–1936)

Yìnyín ṣì bo òkè ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1858, nígbà tí a bí bàbá wa, olóògbé Lemuel Pruitt, sí abúlé Harrow Notch ní ìpínlẹ̀ Vermont. Olùsìn àgùntàn, ọmọ olùsìn àgùntàn, ni Obadiah, bàbá wọn. Keturah, ìyá wọn, ni ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí wọ́n ti ń se oje igi mépù di ṣúgà.

Ní ọdún 1876, Bàbá wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ashmere, létí Adágún Tamsin. Wọ́n ń kọ́ èdè Látìn, wọ́n ń lọ sí àdúrà òwúrọ̀, ṣùgbọ́n orí omi ni ọkàn wọn wà. Láàárọ̀, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa yọ́ lọ nínú kùrukùru bí àlá tí ẹni tó ń lá a kò fẹ́ jí. Àwọn mẹ́fà ní ń tù ú, gbogbo wọn a sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá ni ó ń jókòó sí orí ọkọ̀. Bàbá nìkan ni ó ń bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà, àwọn ni ó sì ń pàṣẹ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1879, Ashmere bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dunmoor díje. Àdéhùn ni pé bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá ti dé òpin, adájọ́ yóò lu agogo. Kùrukùru bo adágún. Ashmere ni ó wà níwájú nígbà tí agogo kan dún.

"Ẹ dáwọ́ dúró! A ti borí!" ni Bàbá kígbe.

Àjẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gòkè, ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n agogo náà tún dún, ó tún dún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹnìkan ni ó kú lábúlé, wọ́n sì ń lu iye ọdún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọkọ̀ Dunmoor kọjá lára wọn bí òjìji.

Ẹni tí ó bá pàdánù ní láti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún ẹni tí ó borí. Bàbá bọ́ tiwọn, wọ́n wọ yàrá lọ di ẹrù. Wọ́n ti pinnu láti fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n padà sídìí àgùntàn. Barnabas Quill, balógun ọkọ̀, bá wọn nídìí àpótí.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé."

"Etí rẹ mà mú o! Ká ní ìyá rẹ lu àwo oúnjẹ ni, ṣé ìdí tábìlì lò bá tù wá lọ?"

"Wá ẹlòmíràn, Barnabas."

"Ẹlòmíràn tí agogo kò tíì tàn jẹ rí? Mi ò fẹ́. Tú ẹrù rẹ, jàre. Àgùntàn bàbá rẹ kò bẹ̀wẹ̀ akọ̀wé."

Bàbá tú ẹrù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ ìdíje, kùrukùru tún bolẹ̀. Agogo dún. Bàbá kò dá àjẹ̀ dúró.

"Lemuel, ṣé kò tó báyìí?" ni Barnabas ń béèrè, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ máa tù ú!"

Wọ́n ń tù ú lọ nínú funfun tí kò lókè tí kò nísàlẹ̀, títí orí ọkọ̀ fi wọ inú koríko etí òdìkejì. Adájọ́ alára ni ó gun ọkọ̀ kékeré wá wọn kàn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti borí tipẹ́! Ṣé Kánádà lẹ̀ ń lọ ni?"

Ní ọdún 1884, Bàbá fẹ́ Thirza Lyle, ọmọ ẹni tí ó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà.

"Ẹ̀yin ni bàbá mi fi agogo gba ẹ̀wù lọ́rùn yín?" ni Màmá fi kí wọn lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. "Ṣé ẹjọ́ lẹ bá wá?"

"Rárá o. Ọmọ rẹ̀ ni mo wá gbà dípò."

Bàbá padà sí Harrow Notch, wọ́n di olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ abúlé, títí di ọdún 1925. Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ. Àwọn ni wọ́n dá ilé ìkàwé ìlú sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kùnà tí ó sì fẹ́ sá lọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá Bàbá. Wọn kì í wàásù fún un. Wọn a kàn gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a gbé e padà sínú ilé. Dókítà wà lára àwọn tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà tí yóò sin wọ́n lónìí náà wà níbẹ̀.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1936. Màmá Thirza gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Obed, Keturah Stannard àti Barnabas, àwọn ọmọ-ọmọ, àti ọmọ àwọn ẹlòmíràn tí kò níye.

Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ẹni tó kùnà dá rìn lọ sílé, kí Ó fúnra Rẹ̀ wá pàdé yín, Bàbá. Ẹ sùn re o.