Olódi Tí Mo Gé Kúrò Nínú Àdírẹ́sì

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ìrìn jọ,

Ìyà tó jẹ mí kí n tó di èèyàn ní Èkó, ẹ ò gbọ́ ìdajì ẹ̀. Mo sùn lórí páálí. Mo ru àpò ìrẹsì ní èbúté Kírikírì títí irun àárín orí mi fi tán, kò hù mọ́ dòní. Mo ṣe ibà tí mi ò rí ẹni bu omi fún mi. Àbàtà ni ilẹ̀ tí mo rà. Èmi ni mo fi iyanrìn àti ìyẹ̀fun pákó dí i, èmi náà ni mo kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì lé e. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Lónìí mo ní tírélà méjì, àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ń pè mí ní ọ̀gá. Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ, Bàbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí mo dé lọ́dún 1981, ibi mẹ́ta ni mo rò wò. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n wá bá òun ní Súrùlérè. Ó jìnnà síbi iṣẹ́. Àpápá gan-an, níbi táwọn ọ̀gá ọlọ́gbà ńlá ń gbé, ìyẹn kọjá agbára mi. Mo yan Ajégúnlẹ̀, torí ẹni tí kò bá tètè dé géètì wáàfù ní èbúté kò ní ríṣẹ́, ẹsẹ̀ mi nìkan sì ni ọkọ̀ tí mo ní. Mo yàn án re. Ajé gúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ojú ń tì mí. Olódi-Àpápá ni wọ́n ń kọ sí àdírẹ́sì apá ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ náà ni. Nígbà tí mo kọ lẹ́tà sí yín, mo gé Olódi kúrò, mo fi Àpápá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ sì wá mi wá. Ẹ ò sọ fún mi. Ọjọ́ ìsìnkú yín ni Bàbá Làmídì, ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ wá, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àpápá yín yẹn tóbi o, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn tá a bá kàn, ajá ló ń dá wa lóhùn." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ béèrè mi láti géètì dé géètì títí ohùn yín fi há. Iṣu tẹ́ ẹ gbé wá fún mi, mẹ́gáàdì kan lẹ fi í sílẹ̀ fún. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi rán awakọ̀ sí mi ní wáàfù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò kọ Àpápá sí i mọ́. "Sí ọmọ mi ní Èkó," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni? Ṣé ẹ bínú? Ta ló fún yín lómi mu lọ́jọ́ yẹn?

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bísí, àkọ́bí mi tẹ́ ẹ sọ lórúkọ. Ó ti fẹ́ relé ọkọ báyìí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn àna ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Àpápá ló sì sọ fún wọn pé ilé wa wà. Ó fẹ́ ká yá pálọ̀ oníbàárà mi kan níbẹ̀ fún ọjọ́ náà.

"Bàbá, ẹ má bínú," bó ṣe wí nìyẹn. "Ẹni tó bá gbọ́ Ajégúnlẹ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àpò ẹ̀ wò."

Mo dá a lóhùn pé ilé tí mo fi orí pípá kọ́, ṣé kí n wá fi í pamọ́ ni?

Ó ní, "Ta ló kọ́ mi? Ṣebí Àpápá lẹ̀yin náà máa ń sọ fáwọn ará ilé."

Mo pariwo. Mama Ese, obìnrin Ùròbò tó yálé lọ́dọ̀ mi, yọrí láti kíṣìnnì: "Baba Bisi, this house, you tief am?" Ó ní ṣé mo jí ilé náà ni. Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Bísí kó aṣọ ẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé tí mi ò bá gbà, ọkọ àbúrò ìyá òun ló máa jókòó sípò bàbá. Ẹlòmíì á fa ọmọ mi lé àna lọ́wọ́, tí mo wà láàyè, tí mo wà nítòsí. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mi ò tíì fojú kàn án. Báwo lẹ ṣe padà sílé lọ́jọ́ yẹn láìrí ọmọ yín, Bàbá? Báwo lẹ ṣe sùn?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, n óò lọ bá Bísí. N óò sọ ti iṣu yẹn fún un, ti ajá, ti ohùn yín tó há. Tó bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, n óò sọ ọ́ láti ìta. Tó bá wá di Sátidé, n óò wọ agbádá mi, n óò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Wharf Road láti àárọ̀, níbi tí ọkọ̀ àwọn àna máa gbà wọ Àpápá, kí n lè mú wọn wá sílé mi ní Ajégúnlẹ̀. Kí Bísí dúró tì mí, kó má dúró tì mí, n óò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ilé mi, kò tún ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ajá.

Èmi ni ọmọ yín tí kò yé fẹ́ràn yín,
tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀.