Mọ́tò Oníjòókòó Méjì Tí Ẹbí Kan Fẹ́ Tà ní Ìkátẹ

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tó ń pẹ́ dé. Mo kí Bùọ̀dá Tìjání, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí Bàbá Lèmọ́mù àdúgbò wa. Mo kí Ìyá Kúbúrà náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yínmú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá mi ni wọ́n, ìyá ni wọ́n sì jẹ́ fún èmi náà.

Ara mi le, iṣẹ́ mẹ́káníìkì mi ń lọ ní Ìkátẹ níbí. Atẹ́gùn òkun ń jẹ irin mọ́tò bí ikán ti ń jẹ igi, bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ebi ì bá ti lé mi wálé. Òjò ò dá lóṣù yìí. Bó bá sì dá, yanrìn á máa ta síni lójú. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń sú mi jù, nígbà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn, tí èmi nìkan á dùbúlẹ̀ máa wo àjà. Owó tí mo fi rán Bùọ̀dá kò tó nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Wọ́n jíṣẹ́ yín fún mi. Wọ́n ní ẹ ti búra pé ẹ ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibi yìgì Kúbúrà, torí pé ìyá rẹ̀ ló bá Bàámi jayé ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ̀yin ń ro oko ẹ̀gẹ́ láti fi bọ́ wa. Wọ́n ní ẹ ní kí èmi náà má wá. Màámi, ta ni mí tí màá bá yín jà? Ṣùgbọ́n kí n tó fèsì, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí níbí.

Ẹbí onílẹ̀ tó fún mi láyè ṣọ́ọ̀bù ní mọ́tò eré ìje kan, pupa fòò, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè fò ó kọjá. Àkànṣe ni. Àwọn òyìnbó tó ṣe é kò ṣe ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, wọ́n sì kan irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ọn nínú tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ìjókòó méjì péré ló ní, ti awakọ̀ àti ti ẹnì kan. Ẹnì kan tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Olóyè, olórí ẹbí nígbà náà, tí owó rẹ̀ kò pé, ló fi mọ́tò yẹn dí i. Nígbà tí Olóyè kú, ẹbí ní owó ilẹ̀ ni, gbogbo àwọn ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ò lè dá a gùn, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a tà. Bó ṣe dẹni abẹ́ àtíbàbà nìyẹn, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń sítáàtì rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ tà á. Ọ̀gá kan wá láti Ìkòyí, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló ń kó jọ. Ó wo irin kékeré yẹn títí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọmọ tuntun. Ó gbà láti rà á, ohun kan ṣoṣo ló sọ: kí ẹnikẹ́ni má wà á já títì mọ́, torí pé kò tíì rìn púpọ̀ ló fi níyì. Gbogbo ìdí-igi gbà. Ó wá ku Ìyá Àgbà, ìyálé Olóyè. Màmá ní àwọn ò ní tẹ ìka síwèé títà.

Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi owó lọ̀ wọ́n, wọ́n ní ṣé ìfẹ́ ọkọ ni. Màmá pòṣé. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ti wọ agbo ilé, ìdí àwọn ò kan inú rẹ̀ rí. Ìyàwó mẹ́ta, ìjókòó kan: Ìyá Bọ́lá, ìyàwó kékeré, ni Olóyè ń gbé kiri, tí eruku rẹ̀ ń bọ́ sínú ẹja tí àwọn ń yan. Kí wọ́n fi gbé àwọn lọ sí Ajah lọ́sàn-án gangan, níbi tí Ìyá Bọ́lá ń gbé báyìí, kí Ìyá Bọ́lá rí àwọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tà á fún ẹni tó bá wù wọ́n.

Ọ̀gá Ìkòyí gbọ́, ó ní bó bá já títì, òun ò rà mọ́. Àwọn ọmọ ẹbí gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Rájí, àbúrò Olóyè tó ń ṣe olórí wọn báyìí, ní tí Màmá bá kú pẹ̀lú ẹ̀dùn yẹn, owó wo làwọn fẹ́ fi tù wọ́n? Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ẹ bá mi wo Màmá! Wọ́n lé tìróò, wọ́n wé gèlè. Mọ́tò rẹlẹ̀ fún eékún wọn, ṣe ni mo gbé wọn wọlé bí ọmọ. Wọ́n ní kí n rọra wà á kí ayé lè rí àwọn. Mò ń rò ó pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà, mo ti bayé wọn jẹ́ nìyẹn. Ọlọ́run ṣàánú, a dé Ajah.

Ìyá Bọ́lá ń ṣa ìrẹsì níwájú ilé. Wọ́n rí wa, wọ́n dìde fùú. Ìjà ni mò ń retí, àmọ́ wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyálé wọn, wọ́n yí mọ́tò po, wọ́n wá bi mí pé ìgbà mélòó ni a sọ̀ kalẹ̀ tì í. Mo ní a ò tì í rárá. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa.

Ìgbà náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń ròyìn fún Màmá. Wọ́n ní kò sí ìgbà tí Olóyè gbé àwọn jáde tí mọ́tò ò kú sínú yanrìn, àwọn ni Olóyè á sì ní kó sọ̀ kalẹ̀ tì í, pẹ̀lú oyún Bọ́lá nínú. Olóyè ò lè ní kí ìyálé ti mọ́tò níta gbangba, ìdí tí wọ́n fi ń mú ìyàwó kékeré nìyẹn. Ìyá Bọ́lá ní bí àwọn bá ti ń jáde lágbo ilé, àwọn á máa bojú wẹ̀yìn wo Màmá nídìí ẹja, àwọn á máa jowú wọn.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí n gbé àwọn sọ̀ kalẹ̀, kí Ìyá Bọ́lá wá jókòó, kí n fi gbé wọn yí Ajah ká, kí wọ́n gun mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan láyé wọn láìtì í. Màámi, bí mo ṣe ń wà á ni omi ń bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá Ìkòyí ò rà á mọ́ lóòótọ́, wọ́n ṣì ń wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n Màmá ti tẹ ìka, Ìyá Bọ́lá sì ti ń wá kí wọn ní Ìkátẹ.

Màámi, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, a ò sí níbẹ̀. Màá wá síbi yìgì Kúbúrà, ẹ dákun ẹ má bínú sí mi. Mo fi ọmú tí mo mu bẹ̀ yín, kí ọjọ́ náà tó kò, ẹ pe Ìyá Kúbúrà wọ yàrá yín, ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ bi wọ́n pé kí lojú wọn rí ní Jọ́ọ̀sì.

Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ Bàámi. Á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Bí Ìyá Kúbúrà bá sì ní àwọn gbádùn ní Jọ́ọ̀sì, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá wá jókòó tì yín, a ó jọ máa bínú.

Èmi ni ọmọ yín,
Rámónì