Ìbọn Tí Ìyàwó Yín Kì Sẹ́yìn Ọmọ Mi

Bọ̀dá mi Dúrójayé,

Mo kí yín, mo kí àwọn ará ulé yín n'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ń kí yín.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ni mo bá wá. Ìbọn kékeré tẹ́ ẹ rà fún un, abẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì ló ń fi í sí lẹ́nu uṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé Mobọ́lá lọ gbabẹ́rẹ́ ikọ́ lọ́sibítù wọn. Àwọn tọ́ọ̀gì olóṣèlú ya wọlé, wọ́n ń tú ara àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyàwó yín bá ki ìbọn náà sínú ọ̀já lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Ìbàdíàrán. Wọn ò ní tú ọmọ wò."

Mobọ́lá ń tasẹ̀ lórí ẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ìbọn náà lọ́wọ́ ìyàwó yín. Ikọ́ ọmọ ò tíì lọ, mi ò sì lè pọ̀n ọ́n lọ síbẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún ọmọ.

Àbúrò yín,
Dúródọlá