Ọṣẹ Kò Kan Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Pákó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ara gbogbo wa níbí le koko. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Lọ́jọ́ tí ẹ fún mi ní pẹ́pẹ́yẹ, ẹ ní mi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kí n parí ẹ̀ rí. Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún rédíò ṣe, mo fi sílẹ̀. Mo sin ẹja, mo fi sílẹ̀. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ yín wá ń sàba, mo ní èyí ò gbọdọ̀ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹrẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Bó bá lọ wẹ̀, á fi ẹsẹ̀ kó ẹrẹ̀ wá sórí ẹyin. Ẹ mọ̀ pé ojú mi ò gba ìdọ̀tí. Mo po ọṣẹ sínú abọ́, mo ti fọ ẹyin kan, ó ń dán, kí ìyàwó mi tó yọ sí mi.

Ó ní, "Bàbá wa! Ṣé wọ́n fẹ́ lọ ya fọ́tò ni?"

Mo ní, "Ìmọ́tótó ni."

"Ìmọ́tótó kẹ̀! Ara ẹyin ní ohun tí Ọlọ́run fi dé e. Tí ẹ bá ti fi omi ṣí i, ìdọ̀tí á ráyè wọnú lọ bá ọmọ. Ìtẹ́ ni kí ẹ tọ́jú."

Mo da omi nù. Mo bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà ìtòsí wa fún èérún pákó. Mo tẹ́ ẹ sínú ìtẹ́, mo tún tẹ́ ẹ láti ibi omi dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ lè gbẹ kó tó wọlé. Bó bá ti jáde, màá pààrọ̀ èyí tó tutù. Ẹyin tó bá lẹ́rẹ̀ lára, aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún jẹ́jẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ mí di Ìránṣẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkàn mi ń sáré lọ bá ọṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ́pẹ́yẹ ti pa ọmọ! Gbogbo ẹyin ló pa, àfi èyí tí mo fọ̀, òun nìkan ló di ọ̀bu. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó fúnra rẹ̀ sàba.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ wá mú akọ kan àti abo kan nínú àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà. Ìyá wọn ti kó gbogbo wọn wọ inú ẹrẹ̀ báyìí, mo sì jókòó tì wọ́n. Láti àárọ̀, mi ò tíì dìde.

Èmi ni tiyín, àbúrò tí ẹ sọ ní
Ẹsẹ̀-Kì-í-Gbélé.