Ìkarahun Wẹ́wẹ́ fún Tẹ̀súbáà Bàbá Mi

Agboolé Ahunṣọ,
Bẹ̀yẹ́runkà, Ìbàdàn.
Oṣù Kẹta, 1909.

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Àtọ́kẹ́ aya rẹ, mo sì kí yín kú iṣẹ́ rélúwéè tí kì í jẹ́ kí o gbélé. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí dé egungun. Tíṣà Oyèdélé, aládùúgbò wa, ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹnu mi ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá bá yín l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo lọ sí etí òkun láti ṣa ìkarahun wẹ́wẹ́, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ délẹ̀ fún ọ. Ojú ló ń tì mí. Àgbà ọkùnrin tó fi òfì sílẹ̀, tó wá ń rá kiri nínú iyanrìn bí ọmọ ọwọ́, kí ni yóò ní òun ń ṣe?

Bàbá mi, Àáfà Sàláúdéènì, ni mo ń wá a fún. O mọ tẹ̀súbáà wọn tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìkarahun òkun ni wọ́n fi sín in, funfun tó ní àmì pupa lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju wóró àgbàdo lọ. Olùkọ́ wọn ní Ìlọrin ló fún wọn. Lọ́jọ́ tí àìsàn gbé wọn ṣubú ní Ọjà'ba, bí wọ́n ṣe ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, okùn rẹ̀ já, ó sì fọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Èyí tí a rí ṣà kò tó ìdajì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà lórí ẹní, tẹ̀súbáà yìí nìkan ni wọ́n sì ń bèèrè. Àbúrò mi Sàlámì ra onígi fún wọn. Wọ́n rọra tì í sẹ́yìn. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá lè tún ti àtijọ́ ṣe, wọ́n á gbádùn, wọ́n á dìde. Ohun tó gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ti gbé ọ jáde nílé, Àtọ́kẹ́ ló gbà mí. Mo dé etí òkun, ojú mi lọ sára àwọn tó ń dán níbi tí omi ti ń fà sẹ́yìn. Àwọn ni mo ṣà sínú àpò awọ, mo fi okùn dì í lẹ́nu. Kí ọkọ̀ tó dé Abẹ́òkúta, àwọn tó jókòó tì mí ti ń sún kúrò. Nígbà tí mo tú àpò náà níwájú Bàbá, òórùn òkú gba yàrá. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní àwọn kò lè fi òkúǹbete ṣe àsíkìrì. Yẹ̀kínì, owó ẹyọ nìkan ni ìkarahun òkun tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀, òfìfo ló sì ń bá wa nílé. Ta ló rò pé nǹkan ẹlẹ́mìí ń gbé inú rẹ̀? Sàlámì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ìgbín rí ni?” Mo lọ dà á nù, mo sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìwọ fúnra rẹ bá mi lọ. A fi àwọn tó ń dán sílẹ̀, a lọ sókè níbi tí òkun ń da ìdọ̀tí sí, láàárín igi jíjẹrà àti èèpo àgbọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ibẹ̀ ni àwọn òfìfo wẹ́wẹ́ wà, iyanrìn bò wọ́n. O rí bí oòrùn ṣe nà wá, tí a ṣà á títí di ìrọ̀lẹ́ kí a tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ti Bàbá mu. O rántí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Ará òkè, wọn ò ná owó ẹyọ mọ́ o.” Ẹ̀yìn tó ń dùn mí lọ́jọ́ náà kò tíì fi mí sílẹ̀ dòní.

Mo délé, mo fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, mo fi abẹ́rẹ́ dá wọn lu. Púpọ̀ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó kù ni mo sín mọ́ ti àtijọ́, ó sì pé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n á ní kí a gbé àwọn jókòó. Àfi bí wọ́n ṣe nawọ́, tí wọ́n fi í kọ́ mi lọ́rùn.

Wọ́n ní, “Fàsásì, ó ti pé. Tìrẹ ni.” Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni mo tún un ṣe fún.” Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ààbọ̀ ni kí n fi sílẹ̀ fún ọmọ mi? Pípé rẹ̀ ni mo ń dúró dè. Ó ti rẹ̀ mí.” Láti ìgbà náà, wọn kò bèèrè ohunkóhun mọ́, wọn kò fẹ́ ẹ̀kọ mímu pàápàá. Wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Yẹ̀kínì, mo rò pé ìwòsàn wọn ni mo ń ṣà létí òkun. Ogún mi ni mo ń ṣà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fẹsẹ̀ falẹ̀, ǹ bá jẹ́ kí ó ṣì ku díẹ̀ kí ó pé.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí iṣẹ́ pa ọ́ lára, kí Àtọ́kẹ́ fọwọ́ gbọ́mọ jó láìpẹ́, kí a sì tún fojú kan ara wa nínú ayọ̀. Ẹ fi Bàbá sínú àdúrà ní mọ́ṣáláṣí yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Fàsásì.

Àfikún: Àtọ́kẹ́ ránṣẹ́ pé o ṣì ń lọ sí etí òkun ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ, bóyá tèmi kò tíì tó. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Má lọ mọ́. Bí ìkarahun kankan bá wà nílé rẹ, dá a padà sínú iyanrìn.