Ariwo Tí Levi Pa

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa sójà tó fara pa lójú ogun níṣẹ́ ọwọ́, ní Okumagba Layout. Àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni tiwa. Mọ́kànlá ni wá. Ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọlọ́wọ́ kan, olójú kan. Èmi — ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Complete ni wọ́n ń pè mí. Complete, gbé ẹ́ńjìnnì yìí. Complete, sáré lọ pọnmi wá. Mo ń gbé, mo ń sáré, mo ń rẹ́rìn-ín.
Wọn ò mọ̀ pé bọ́ǹbù ti mú etí mi lọ ní Borno. Tòsì kú pátápátá. Tọ̀tún, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ẹnu ènìyàn ni mo ń wò. Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn ríro ni mo kọ. Ká ní mo kọ etí ni, ibi ọṣẹ ṣíṣe ni wọn ì bá jù mí sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ọ̀gá Elisha, olùkọ́ wa, ní etí la fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì kí á tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn mi orí. Mo mi orí.

Ọjọ́bọ̀, 9
Levi ni wọ́n fi ṣe èkejì mi. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò sí láti orúnkún. Ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ó ní, Complete, which part dem take for your own body? Abi na your sense? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.
Mo ti rí ọgbọ́n kan dá: mo fi súkúrù-díráfà kan ẹ́ńjìnnì, mo fi eyín mú ìdí rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú agbárí mi. Levi ní ebi irin ló ń pa mí.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Bísọ́lá, ìyàwó mi, ń bínú. Ó ní òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ̀yìn sí òun bí ọ̀gá ológun. Mo ní ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni. Òun gan-an ò mọ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí etí mi ti lọ.

Ọjọ́rú, 15
Jẹnẹrétọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja dídì. Èmi àti Levi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, a tan án sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Levi jókòó tì í. Mo kọ̀yìn sí wọn, mo ń fọ ọwọ́. Nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, èmi ni mi ò fún un le. Ọ́ìlì jò tán. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ́ńjìnnì ti gan.
Ọ̀gá sáré dé. Levi, o jókòó tì í, o ò lè pariwo? Levi ní òun pariwo, òun pe Complete títí ọ̀fun òun fi gbẹ, kí òun tó fi ọ̀pá òun dìde, ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá kọjú sí mi. Ṣé lóòótọ́ ló pariwo?
Mo ní, Oga, I no hear anything.
Òótọ́ ni. Mi ò tíì pa irọ́ tó burú tó èyí rí.
Levi wò mí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 16
Wọ́n ti lé e. Wọ́n ní ó sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Ọ̀gá fi mí ṣe olórí wa. Ó ní èmi nìkan ló ṣeé fọkàn tán. Ìrẹsì ọ̀sán ò wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo wá Levi lọ sí yàrá rẹ̀ ní Igbudu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo yí padà. Nígbà tí mo wọlé, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń kó aṣọ sínú báàgì. Èjìká rẹ̀ ń mì — ó ń sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ èébú. Ó lè jẹ́ pé ó ní kí n jókòó. Mi ò mọ̀. Mo ní, Levi, abeg, turn. I no dey hear. Since Borno.
Ó yí padà. Ó wò mí pẹ́. Ó wá la ẹnu gbàgà, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: Monday. You go talk am for everybody front. I go dey there.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Mo sọ fún Bísọ́lá. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú ọwọ́ kúrò, kí n lè rí ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Ajé, 20
Mo sọ ọ́. Etí, nọ́ọ̀tì, irọ́, gbogbo rẹ̀. Ẹnu gbogbo wọn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo máa wò. Mo wo ti Levi. Ó pa á dé.
Wọ́n ti dá a padà sáyè rẹ̀. Èmi, wọ́n ní kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò ná.
Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí á gbé wọlé. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo kọ̀yìn sí wọn, mo ń retí kí wọ́n ní Complete, wá gbé e.
Bóyá wọ́n tilẹ̀ pè mí.